Má tíì ra mọ́tò áńtẹ́nà: ìdáhùn fún olùkọ́ kan ní Kàbà

Olùkọ́ físíìsì kan kọ̀wé sí mi láti Kàbà. Ohun tó béèrè nìyí: “Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Mo ti ní wọkitọkí Baofeng UV-5R kan, ìwé àṣẹ rédíò mi sì ti wà lọ́nà. Ohun tó ń wù mí ni kí n máa bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ láti orí sátẹ́láìtì. Ẹnìkan ní kí n ra áńtẹ́nà gbọọrọ tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé. Ẹlòmíràn ní àfi Yagi ńlá méjì, áńtẹ́nà tó ní ọ̀pá púpọ̀ bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, pẹ̀lú mọ́tò tí á máa yí wọn tẹ̀ lé sátẹ́láìtì. Owó ọwọ́ mi ò ká méjèèjì. Èwo ni kí n rà?”

Òkun o, àbúrò mi. Má ra ìkankan nínú wọn ná. Àwọn méjèèjì tó gbà ọ́ nímọ̀ràn ò parọ́, àmọ́ wọn ò ro ti Kàbà mọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń kà lórí iṣẹ́ yìí, àwọn ará Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ló kọ ọ́. Wọ́n á ní kí o dúró de ìgbà tí sátẹ́láìtì bá máa gba àtàrí rẹ kọjá, torí ìgbà yẹn ló sún mọ́ ọ jù, tí ohùn rẹ̀ sì ń dún ketekete. Bẹ́ẹ̀ ni, fún àwọn. Bí sátẹ́láìtì bá wà lókè orí ará Jámánì, oníredíò pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí eéṣú. Bó bá wà lókè orí rẹ ní Kàbà ńkọ́? Ta ló wà lábẹ́ rẹ̀? Àwa díẹ̀ ní Nàìjíríà, díẹ̀ ní Gánà, omi òkun, igbó Kóńgò, aṣálẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohùn ara mi padà láti orí SO-50, sátẹ́láìtì kan tí àwa oníredíò ń lò, àtàrí mi gan-an ni sátẹ́láìtì náà wà. Ohùn mi mọ́ gaara. Mo pè, mo tún pè, títí ó fi wọ̀ lápá gúúsù. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó dà bí ẹni ń kígbe nínú oko kajú lọ́jọ́ ọjà.

Àwọn tó máa dá ọ lóhùn, àríwá ni wọ́n wà: Ítálì, Sípéènì, Faransé, Gíríìsì, erékùṣù Canary. Láti Kàbà sí Róòmù tó nǹkan bíi 3,800 kìlómítà. Kí sátẹ́láìtì kan tó lè rí ìwọ àti ará Róòmù lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tó dára jù fún un ni agbedeméjì yín, lókè aṣálẹ̀ ní gúúsù Àlùjíríà. Olùkọ́ físíìsì ni ọ́, nítorí náà bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Ibùdó ojú òfurufú àgbáyé, ISS, ga tó nǹkan bí 420 kìlómítà. Bó bá wà lókè agbedeméjì yẹn, ìwọ ní Kàbà á máa wò ó ní 3 dígírì péré sókè ilẹ̀. SO-50 ga tó nǹkan bí 650 kìlómítà. 9 dígírì ni ti ẹ̀. RS-44, sátẹ́láìtì oníredíò mìíràn tí gíga rẹ̀ máa ń wà láàárín nǹkan bí 1,175 sí 1,510 kìlómítà, á wà ní 20 sí 26 dígírì.

Ìṣirò mẹ́ta yìí ni gbogbo ìdáhùn mi gùn lé. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ lápá àríwá ni iṣẹ́ rẹ wà, kò sí lókè àtàrí.

Jáde sí ẹ̀yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Kọjú sí àríwá, na apá rẹ gbọọrọ, di ẹ̀ṣẹ́, kí o gbé ìsàlẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ náà lé ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé. Ẹ̀ṣẹ́ kan báyìí tó 10 dígírì. Bí òrùlé aládùúgbò tàbí igi máńgòrò bá ga ju ẹ̀ṣẹ́ náà lọ, á ṣòro gan-an fún ọ láti bá Róòmù sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀ lórí SO-50, ìbáà jẹ́ áńtẹ́nà mílíọ̀nù náírà lo gbé síbẹ̀. Kàbà pàápàá, àárín òkè ló wà. Ibi tí o máa dúró sí ni kí o kọ́kọ́ yàn, kí o tó yan irin. Wá àpáta tàbí ẹ̀gbẹ́ òkè kan tí ojú rẹ á ti já gbangba sí àríwá. Ilẹ̀ wa ò ṣàìní àpáta. Láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Ògìdì, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan míì.

Ìdí tí mo fi ní kí o fi mọ́tò sílẹ̀ nìyẹn. Mọ́tò á dè ọ́ mọ́ òrùlé rẹ. Yagi tí o lè gbé lọ́wọ́, wàá gbé e gun àpáta.

Ti òrùlé yẹn náà, jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Mo ra ọ̀kan láyé ọjọ́un, gíga rẹ̀ ju mítà méjì lọ, mo sì fi ogún mítà wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ wá sínú yàrá. Ẹni tó ta wáyà náà fún mi búra pé irú èyí tí àwọn ológun ń lò ni. RG-58 lásán ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti rédíò láìgbọ́ nǹkan gidi kan. Ìgbà tí mo ṣe ìṣirò ni mo tó rí i pé ní 435 MHz, ogún mítà RG-58 á jẹ agbára náà títí á fi ku nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Wátì márùn-ún wọlé, wátì kan ló jáde. Ti àbọ̀ ló wá burú jù, torí ohùn sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ ò ju kíkùn ẹ̀fọn lọ: SO-50 ò lò ju ìdá mẹ́rin wátì kan lọ láti fi bá gbogbo wa sọ̀rọ̀. Wáyà ti gbé ohùn yẹn mì kó tó dé etí mi.

N ò wí pé áńtẹ́nà gbọọrọ ò wúlò. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ ló ń kọjú sí nípa ìṣẹ̀dá rẹ̀, bí a bá sì fi wáyà tó nípọn bíi RG-213 sí i, ó dára fún àtẹ̀jíṣẹ́ APRS tí ISS máa ń tún sọ lórí 145.825 MHz. Àmọ́ kì í ṣe òun ni kí olówó kékeré kọ́kọ́ rà.

Ó kan Yagi alágbèéká wàyí. Ohun tí o fẹ́ ni ọ̀pá mẹ́ta fún 145 MHz àti márùn-ún sí méje fún 435 MHz lórí igi kan ṣoṣo. Jẹ́ kí àwọn ọ̀pá kan dúró, kí ìkejì sùn, kí wọ́n dábùú ara wọn bí àgbélébùú, kí ọ̀kan má baà da èkejì láàmú. Arrow ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, mẹ́ta àti méje ló ní, kò sì burú. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ń gbé e dé ilé lè ju owó òun fúnra rẹ̀ lọ. Kọ́ tìrẹ. Páìpù omi PVC ni igi rẹ̀. Fún ọ̀pá, áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ti pọ̀ lórí òrùlé ilé àwọn bàbá wa tí ẹnikẹ́ni ò wò mọ́. Bẹ̀ wọ́n, wọ́n á fún ọ. Fún ti 435 tó kúrú, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin pọ̀ tó o. Irin pẹlẹbẹ inú téèpù ìwọ̀n àwọn káfíńtà náà ń ṣiṣẹ́, ìyẹn èyí tó jẹ́ irin o, kì í ṣe rọ́bà ti télọ̀. Ó máa ń tẹ̀ bí a bá gbé e gba inú igbó, tó bá kúrò níbẹ̀ á tún nà.

Ọ̀pá tí wáyà so mọ́ ni kí o fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwọ̀n. Pín 143 sí iye MHz, ohun tó bá jáde ni gígùn rẹ̀ ní mítà: fún 145.9 á fún ọ ní 98 sẹ̀ǹtímítà, fún 436 á fún ọ ní nǹkan bí 33. Èyí tó wà lẹ́yìn á gùn jù ú díẹ̀, bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ti iwájú á kúrú jù ú bákan náà. Gé e gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí o wá máa fi fáìlì ha á kúrò. Irin tí a ti gé kù kì í padà gùn. Bí o bá lè yá NanoVNA, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn áńtẹ́nà, lọ́wọ́ ẹnìkan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lo máa fi rí ohun tó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mítà kan wáyà ti tó láti ọwọ́ Yagi dé ọwọ́ rédíò, nítorí náà RG-58 tí mo bú lẹ́ẹ̀kan yẹn ò ní jẹ nǹkan kan níbí.

Bí o bá fẹ́ gbọ́ láti inú ilé, tí wáyà sì gbọ́dọ̀ gùn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ọ́ ní wáyà olówó gọbọi. RG-6, ìyẹn wáyà DStv, á gbé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta kọjá lórí mítà mẹ́wàá ní 435 MHz, ó sì wà ní gbogbo ìsọ̀ oníná. Wọ́n á ní 75 ohm ni, pé kò bá rédíò rẹ mu. Fún gbígbọ́, má dá wọn lóhùn.

Rédíò rẹ ńkọ́? UV-5R kan ti tó láti fi sọ̀rọ̀, wátì márùn-ún rẹ̀ ò kéré. Ohun tí kò lè ṣe ni kó máa gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ò bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ padà láti orí sátẹ́láìtì, bí afọ́jú tó ń júwe ọ̀nà ló rí. Kò ní mọ̀ bóyá òun ti wọlé tàbí òun ń sọ̀rọ̀ lé ẹlòmíì lórí. Ra wọkitọkí kejì, tàbí RTL-SDR, rédíò kékeré tó rí bíi fláàṣì tí wọ́n ń kì bọ fóònù Android. Ọ̀kan á máa sọ, ọ̀kan á máa gbọ́ pẹ̀lú hẹ́dífóònù. Owó méjèèjì pa pọ̀ ò tó owó mọ́tò yẹn.

Ẹ̀wẹ̀, ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń kó sí. Ìgbì tí o fi ń bá ISS sọ̀rọ̀ lórí ripítà rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tó sì ń tún un sọ jáde, jẹ́ 145.990 MHz; èyí tó fi ń dáhùn jẹ́ 437.800. Fi 3 sọ 145.990 di púpọ̀: 437.970. Ìlọ́po mẹ́ta ìgbì àlọ rẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbì àbọ̀ pẹ́kípẹ́kí! Wọkitọkí olówó pọ́ọ́kú sì máa ń da ìlọ́po bẹ́ẹ̀ síta. Bí o bá ti tẹ PTT, bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ láti sọ̀rọ̀, rédíò kejì á di odi. Oògùn rẹ̀ ni asẹ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní diplexer. Ó ń ya ìgbì kékeré sọ́tọ̀ kúrò lára ńlá, owó rẹ̀ ò wọ́n, o sì lè fi kápásítọ̀ àti wáyà lílọ́ díẹ̀ ṣe é bí ọwọ́ rẹ bá dá ṣáṣá nídìí sódà. Fi sí ọ̀nà rédíò tó ń sọ̀rọ̀. Kí àwọn rédíò méjèèjì sì jìnnà síra wọn bí apá rẹ bá ṣe gùn tó.

Ṣètò UV-5R báyìí: sọ squelch, ohun tó ń pa ariwo mọ́ rédíò lẹ́nu, di 0, kí o gbọ́ ariwo rẹ̀ bó ṣe wà, torí ohùn jẹ́jẹ́ ò lè ṣí ilẹ̀kùn tí squelch tì. Pa ohun tí wọ́n kọ SAVE sí, torí bí rédíò ṣe ń sùn tó ń jí láti fi bátìrì pamọ́, á máa gé ọ̀rọ̀ jẹ́. Tẹ tone 67 Hz, ohùn rírẹlẹ̀ tó ń ṣí ilẹ̀kùn sátẹ́láìtì, sí ìgbì àlọ. SO-50 tún ní ìwà tirẹ̀: bí kò bá sẹ́ni tó ti jí i, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi 74.4 Hz kàn án fún bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì, aago inú rẹ̀ á sì ṣí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àlọ rẹ̀ jẹ́ 145.850, àbọ̀ 436.795. Láti ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2002 ló ti wà lókè, arúgbó ni, nítorí náà máa wo ojú ewé AMSAT, ẹgbẹ́ àwọn oníredíò tó ń lo sátẹ́láìtì, níbi tí àwọn oníredíò ti ń kọ èyí tó jí àti èyí tó sùn, kí o tó ko ẹrù gun òkè. ISS náà, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló ń yí rédíò náà síbí yí i sọ́hùn-ún. Ọjọ́ mìíràn ripítà, ọjọ́ mìíràn APRS.

O mọ bí fèrè tírélà sìmẹ́ǹtì tó ń ti Ọ̀bàjánà bọ̀ ṣe máa ń han gooro, tó bá kọjá lára rẹ tán á wá rẹlẹ̀. Ohun tí Doppler ń ṣe sí sátẹ́láìtì náà nìyẹn. Ní 145 MHz kò tó nǹkan, ìwọ̀n kìlóháátìsì mẹ́ta, fi í sílẹ̀. Ní 436, ó ń lọ sókè ó ń wálẹ̀ tó 10. Fi ìgbì márùn-ún sínú ìrántí rédíò tó ń gbọ́: 436.805, 436.800, 436.795, 436.790, 436.785. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Bí ohùn bá ń ya, sọ̀ kalẹ̀ kan. Ìyẹn náà ni wàá ṣe fún ISS, láti 437.810 dé 437.790.

Jẹ́ kí n mú ọ dání lọ sórí àpáta kan lẹ́yìn oko wa nítòsí Ìsánlú, kí o wo bó ṣe ń rí. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀. Fóònù wà nílẹ̀, Look4Sat, áàpù tó ń sọ ibi tí sátẹ́láìtì wà, ṣí lójú rẹ̀. Kò nílò dátà bí o bá ti gba àkọsílẹ̀ tuntun wọ̀ ọ́ nílé. Ó ní SO-50 á yọ ní àríwá, kò ní ga ju 14 dígírì lọ, á sì wọ̀ ní ìlà-oòrùn gúúsù. Ará Europe á ní ìkọjá tí kò ga báyìí ò wúlò fún nǹkan kan. Mo kọjú áńtẹ́nà sí ibi tó ti máa yọ, ariwo ń hó shùù létí mi. Ìṣẹ́jú kan, kò sí nǹkan. Lójijì ariwo náà rọlẹ̀, bí ìgbà tí ẹnìkan ti ilẹ̀kùn mọ́ òjò síta. Àmì àkọ́kọ́ nìyẹn, o ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀, ariwo ló kọ́kọ́ ń dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ará Sípéènì kan ń sáré ka nọ́mbà. Ohùn rẹ̀ ń lọ, ń bọ̀. Mo yí ọrùn ọwọ́ mi díẹ̀, bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́, ohùn náà tún kún. Sátẹ́láìtì ń yí bó ṣe ń fò, ìgbì rẹ̀ ń dúró, ń sùn, ọwọ́ mi gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e. Mọ́tò tí wọ́n ní kí o rà ò lè ṣe èyí. Ó mọ ibi tí sátẹ́láìtì wà, kò mọ bó ṣe dùbúlẹ̀.

Mo dúró kí wọ́n gba èémí. Mo pe orúkọ ìgbì mi, ìyẹn orúkọ tó wà nínú ìwé àṣẹ mi, lẹ́ẹ̀kan, mo fi JJ28 sí i. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, bíi èèyàn mẹ́rin ló pariwo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

JJ28 yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ. Àwọn oníredíò pín ayé sí ìgun kéékèèké, wọ́n sì ń kó wọn jọ bí ọmọdé ṣe ń kó ọ̀gọ̀. Kàbà wà ní JJ37; Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú wà ní JJ28. Èyí tí àwọn tó wà lókè òkun ti ní nínú wọn ò pọ̀. Níbi tí ará Ítálì ti ń bẹ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kó dá òun lóhùn, ìwọ ni wọ́n á máa wá. Nítorí náà kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ kúkúrú: orúkọ ìgbì rẹ, ìgun rẹ, ó parí. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń pín in.

Ohun kan wà tó máa dá ọ láàmú tí kì í ṣe ẹ̀bi áńtẹ́nà rẹ. Agbègbè wa ò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé ti òòfà. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, pàápàá ní oṣù Kẹta sí Ìkẹrin àti Ìkẹsàn-án sí Ìkẹwàá, ìpele òfurufú tó ga lókè lọ́hùn-ún máa ń dàrú, ohùn sátẹ́láìtì á sì máa gbọ̀n bí iná àtùpà nínú atẹ́gùn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ di ọ̀gànjọ́. Má tú Yagi rẹ palẹ̀ tórí ẹ̀. Dúró di òwúrọ̀.

Èkejì ni ínfátà. Ilé tó ní sólà àti ínfátà olówó pọ́ọ́kú, ariwo rẹ̀ lórí 145 MHz lè bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Gílóòbù LED kan náà lè ṣe é. Pa á, gbọ́, tàn án, gbọ́. Etí rẹ á mọ ọ̀daràn.

Ẹ̀kẹta ò kan físíìsì. Èèyàn tó dá dúró lórí òkè ní ìrọ̀lẹ́, wọkitọkí méjì lọ́rùn, tó ń na irin sí ojú ọ̀run, o mọ ohun tí wọ́n á rò ní àkókò tí a wà yìí. Àwọn fijilanté ká mi mọ́ orí àpáta lọ́jọ́ kan. Ọ̀kan ti ń bi mí pé ta ni mò ń fi ọ̀nà hàn. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé àṣẹ NCC tó wà lápò mi, àti hẹ́dífóònù tí mo bọ̀ sí ọ̀gá wọn létí: ó gbọ́ òyìnbó tó ń sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bá òun kí i. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń sọ fún baálẹ̀ àti àwọn ọdẹ kí n tó gun òkè. Ìwọ náà sọ fún wọn. Kí ìwé àṣẹ rẹ tó dé, gbọ́ ni kí o máa gbọ́. Má fọwọ́ kan PTT.

Nǹkan tó ṣeé gbọ́ sì pọ̀ fún ìwọ àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ. ISS máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ lórí 145.800 MHz nígbà àjọ̀dún wọn. Wọkitọkí kan, fóònù kan tí áàpù Robot36 wà lórí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwòrán náà á máa yọ lójú fóònù ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Sọ fún wọn pé ní ọdún 2017, láti inú ISS yìí kan náà ni wọ́n ti ju EduSat-1 síta, sátẹ́láìtì kékeré tí yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́ bá àwọn ará Japan kọ́. Ó ti jóná padà wálé láti 2019, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ kì í ṣe òkè òkun sí ọmọ Kàbà.

Bí o bá ti fi FM, irú ìgbì tí UV-5R ń lò, rìn fún oṣù mélòó kan, tí owó bá sì gbéra, RS-44 ni kí o fojú sí, torí 20 dígírì tí mo sọ lókè yẹn. Òun ló fún wa ní Europe láìgun òkè. Àmọ́ kì í gba FM. SSB ló ń lò, irú ìgbì mìíràn tó ní apá ìsàlẹ̀ (LSB) àti apá òkè (USB): LSB lọ, láàárín 145.935 àti 145.995, USB bọ̀, láàárín 435.610 àti 435.670. UV-5R ò lè ṣe é. Yaesu FT-817 tàbí 818 àlòkù kan fún àlọ, RTL-SDR rẹ fún àbọ̀, Yagi kan náà lọ́wọ́. Icom IC-9700 ń ṣe méjèèjì nínú àpótí kan, owó rẹ̀ sì tó owó ọ̀kadà tuntun méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. N ò rò pé ó yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé àgbàlá rẹ ò rí àríwá rárá, tí o ò sì lè máa gun òkè, ọ̀nà kejì wà, ohun tó sì nílò lè ti wà lára ògiri ilé yín. Sátẹ́láìtì tó ń jẹ́ QO-100 kì í kọjá, ó dúró sójú kan ní 25.9 dígírì ìlà-oòrùn, nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè. Sátẹ́láìtì Qatar ni, láti ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2018 ló ti wà lọ́hùn-ún. Ó ń rí gbogbo Áfíríkà, gbogbo Europe, ó dé Brazil. Láti Kàbà, o máa kọjú díìṣì sí 111 dígírì lórí kọ́ńpáàsì, kí o sì gbé e sókè dé 65. Díìṣì DStv yín ti ń wo 103, ó sì ga dé 54, nítorí náà yí i sí gúúsù ní ìwọ̀n dígírì mẹ́jọ, gbé e sókè 11, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. (Bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó kó o tó fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ bọ́ọ̀lù ò dára.) Lo LNB (ojú tó wà níwájú díìṣì) àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní universal, tó jẹ́ irú PLL tí ìgbì rẹ̀ kì í ṣí kiri, smart LNB tuntun ò wúlò. Fún un ní iná 13 fóltì, ohùn tó wà ní 10,489.5 MHz á jáde lára rẹ̀ ní 739.5, RTL-SDR á gbọ́ ọ.

Àwòrán tí àwọn ará Europe yà á fi LNB hàn ọ́ bíi pé ó dúró ṣánṣán. Má tẹ̀ lé e. Bí a ṣe sún mọ́ agbedeméjì ayé tó yìí, ti wa gbọ́dọ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ tó nǹkan bí 68 dígírì. Ti DStv yín ti dà sí 75 tẹ́lẹ̀ láìsí ẹni tó ṣàkíyèsí, nítorí náà díẹ̀ ló kù láti yí i. Máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí àmì tí sátẹ́láìtì náà ń fi ránṣẹ́ ní gbogbo ìgbà á fi lágbára jù. Tí òjò ńlá bá ṣú, mọ̀ pé á lọ, bí E48-32 ṣe ń yọ lójú DStv.

Sísọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ni iṣẹ́ wà: 2,400 MHz, wátì díẹ̀, ẹnu áńtẹ́nà kékeré níwájú díìṣì. POTY ni wọ́n ń pe èyí tó wọ́pọ̀. A lè gé e láti ara bàbà pẹlẹbẹ àti páìpù bàbà 22 mílímítà, LNB á sì máa gbọ́ gba inú páìpù náà. Má ṣe lo agbára ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀rọ kan wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún, LEILA lorúkọ rẹ̀, bí ohùn rẹ bá ga ju àmì sátẹ́láìtì lọ, á fọn fèrè lé ọ lórí lójú gbogbo ayé. Wò ó dáadáa pẹ̀lú nínú ìwé àṣẹ rẹ bóyá 2,400 wà níbẹ̀. Kí o tó ná kọ́bọ̀ lórí èyí, rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan wà ní Goonhilly ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gba QO-100 tọ̀sán-tòru. Ṣí i lórí fóònù, gbọ́ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, kí o mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ wọn á wù ọ́.

Ohun tí n bá rà ní ipò rẹ lónìí nìyí: wọkitọkí kejì tàbí RTL-SDR, diplexer, hẹ́dífóònù, páìpù PVC. Owó tó kù, fi í pamọ́ fún ohun tó ń lo SSB. Kọ̀wé sí mi bí o bá gé irin tán, kí o sọ ibi tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ dé lápá àríwá. Bí o bá sì gbọ́ 5N kan (ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ìgbì àwa ará Nàìjíríà) tó ń pe JJ28 lórí SO-50 ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, èmi ni. Dá mi lóhùn kíá, torí àwọn ará Sípéènì kì í gba èémí.